Gbagyi: Àwọn Abúlé tí Ìlú Kàdúná Jókòó Lé

Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ pè. Ẹ má wulẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ fi ẹnu ara yín pè é: Gbagyi. Ẹ tún un pè. Gba-gyi.

Ṣé ẹ rí i pé kò le? "Gb" tó wà níbẹ̀, tiwa ni. Òun la fi ń pe àgbàdo, òun la fi ń pe àgbà, òun la fi ń pe ìgbín. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì mọ ìwé kà ti ń pè é lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Haúsá kò ní ohùn yìí rárá. Nígbà tí àwọn Haúsá fẹ́ dárúkọ àwọn aládùúgbò wọn tó ń jẹ́ Gbari àti Gbagyi, "gw" ni ẹnu wọn bá, ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Gwari. Àwọn Òyìnbó gbọ́ Gwari lẹ́nu Haúsá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, wọ́n kọ ọ́ sórí máàpù. Àwa tí a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìbàdàn, àwa tí ẹnu wa lè pe orúkọ náà bí àwọn tó ni ín ṣe ń pè é, Gwari ni àwa náà ń bá wọn pè.

Bẹ́ẹ̀ ni Haúsá tún ní ọ̀rọ̀ kan tó bá orúkọ yẹn tan: gwaranci. Ẹni tó bá ń fọ Haúsá tí kò já gaara, tó ń gbé e gba ẹ̀yìn, wọ́n á ní gwaranci ló ń sọ. Ẹ rò ó wò, kí orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀yà yín di orúkọ àṣìsọ. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lónìí kì í fi í dáhùn sí Gwari mọ́. Àdúgbò kan wà ní gúúsù ìlú wa níbí tó ń jẹ́ Gbagyi Villa. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ rí orúkọ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́, mo sì ti gbé Kàdúná fún ọdún púpọ̀ kí n tó bi ara mi léèrè ta ni Gbagyi.

Wọ́n pọ̀. Wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná níbí, wọ́n wà ní Niger, ní Nasarawa, ní Kogi, wọ́n sì wà ní Àbújá. Nínú àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba ológun tó fi òfin gbà á ní 1976 láti kọ́ olú-ìlú sí, àwọn ló pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ èdè fi èdè wọn sí agboolé kan náà pẹ̀lú ti Tápà àti ti Ẹ̀bìrà, agboolé yẹn kò sì jìnnà sí ti Yorùbá. Bí Tápà bá ń ka nǹkan, tó dé orí ẹẹ́ta, gútá ni yóò sọ. Ẹ gbọ́ "ta" tó wà nídìí rẹ̀. Ìbátan tó ti pínyà tipẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbátan ni. Haúsá ní tirẹ̀, ìdílé mìíràn pátápátá ló ti wá. Haúsá tó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu ní ọjà jẹ́ àlejò sí èdè wa, Gbagyi tí a kò gbọ́ rárá ló jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Ìlú Kàdúná tí a ń gbé yìí kò tíì pé 120 ọdún. Lugard, gómìnà tí ìjọba Òyìnbó rán wá, ló yan ibẹ̀ ní nǹkan bí 1913. Ó fẹ́ gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru, ó rí ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́bàá odò, rélùwéè sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Kano. Wọ́n máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣófo, bí ẹni pé igbó àti ọ̀nì inú odò nìkan ló wà níbẹ̀. Kò ṣófo. Àwọn Gbagyi ń dá oko iṣu lórí rẹ̀, wọ́n ń gbin ọkà bàbà àti jéró. Rélùwéè kó àwọn baba wa dé, àwọn télọ̀, àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn tẹ̀lé e, ilé-ìfọpo dé ní 1980. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti dé báyìí, ìlú á tún nasẹ̀ síwájú díẹ̀, oko kan á di àdúgbò, abúlé kan á bá ara rẹ̀ láàárín ilé àwọn àlejò. Ìjọba ìbílẹ̀ Chikun, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Kujama, ni ilẹ̀ Gbagyi tó fẹ̀gbẹ́ kan wa jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Sabon Tasha, inú Chikun lẹ wà. Sabon Tasha, Haúsá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibùdókọ̀ tuntun. Ibùdókọ̀ náà ti pẹ́ kó tó di ìlú ńlá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Kujama, ọkọ̀ wa dúró ra epo. Mo rí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ti di igi ìdáná pọ̀, igi náà gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo ń retí kó ká òṣùká. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó ti èjìká ọ̀tún bọ abẹ́ ìdì igi, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó nàró, ó sì ń lọ. Ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀, ìborùn tó wé mọ́rí kò yẹ̀. Ó ń bá ọmọdé tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.

Bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe ń ru ẹrù nìyẹn láti ayébáyé. Igi ni o, omi inú kèrègbè ni o, ìkòkò ni o, èjìká ni. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé orí ni ọba ara, kò sì yẹ kí a di ẹrù lé ọba. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi dúró. Ta ló mọyì orí tó Yorùbá? Àwa tí a ń ké pe orí wa láàárọ̀ kí a tó jáde, àwa tí a ń sọ pé orí ẹni ni í gbeni. Síbẹ̀, orí yẹn náà la gbé garawa omi lé. Ọ̀wọ̀ kan náà ni èèyàn méjì ní fún orí. Ọ̀kan ní òun ló tó gbé ẹrù, èkejì ní ẹrù kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ asán ni mo ń rò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú irú nǹkan kékeré yìí ni ọgbọ́n ẹ̀yà kan máa ń farapamọ́ sí.

Bí ẹ bá ní 20 náírà nínú àpò, ẹ mú un jáde, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, Ladi Kwali ni. Gbagyi ni. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó yẹn, bóyá ló fi jẹ́ pé ènìyàn kan nínú mẹ́wàá tó ń ná an mọ̀ ọ́n. Nǹkan bí 1925 ni wọ́n bí i ní abúlé Kwali, tó wà ní ilẹ̀ Àbújá báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ń ṣe é. Kò lo ẹ̀rọ tó ń yí. Ìkòkò ló dúró, òun ló ń yí ìkòkò ká. Á mọ ìdí rẹ̀, á lọ́ amọ̀ bí okùn, á máa fi lé e lórí ní ipele-ipele, á máa rìn yí i po, á máa fi èèpá igbá ha á kó lè jọ̀lọ̀, títí ìkòkò á fi ga tó ìbàdí rẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ díẹ̀ ni yóò wá fín aláǹgbá sí i lára, á fín àkekèé, ọ̀nì, ejò, ẹyẹ.

Ní 1950, ọ̀gá amọ̀kòkò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Cardew, rí ìkòkò rẹ̀ ní ààfin Ẹ́míà Àbújá, èyí tí à ń pè ní Suleja lónìí. Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà, Ladi Kwali sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó lọ sí ìlú Òyìnbó, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn èrò, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń rìn yí amọ̀ ká. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, nítòsí wa níbí, fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Ó kú ní 1984.

Ìkòkò rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ohun tí kò sí nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin Kwali ń bá ara wọn sọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀: orúkọ amọ̀ tó gbó àti èyí tí kò gbó, orúkọ koríko tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, orúkọ ìró tí ìkòkò máa ń ṣe bó bá ti jinná. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń gba ipò ìkòkò, bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀rọ̀ náà ń bá a lọ. Ẹ má rò pé tiwọn nìkan ni. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà nílé lálẹ́ òní: kí ni àmù? Kí ni orù? Kí ni ìṣaasùn? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, ká lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èdè kékeré níbòmíràn. Ní etíkun Fínláǹdì, ní àríwá Yúróòpù, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, àwọn abúlé kan wà tí wọn kì í sọ èdè Fínláǹdì nínú ilé. Èdè Swídìnì ni wọ́n ń sọ. Láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba ńlá wọn ti wa ọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń roko. Swídìnì ló ń ṣàkóso Fínláǹdì títí di 1809 tí Rọ́ṣíà gbà á, Fínláǹdì sì di òmìnira ní 1917. Lónìí, nínú 100 ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí 5 péré ló ń sọ Swídìnì. A jẹ́ pé èdè náà yẹ kó ti kú.

Kò kú. Nínú ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní 1919, wọ́n kọ ọ́ pé èdè méjèèjì ló jẹ́ èdè orílẹ̀-èdè. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ń sọ èdè tó kéré bá ti tó 8 nínú 100, tàbí tí wọ́n bá ti tó 3,000, ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa fi èdè méjèèjì bá aráàlú ṣiṣẹ́. Pátákó ojú títì ní orúkọ abúlé ní èdè méjì, èyí tí àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ jù níbẹ̀ á wà lókè. Ọmọ lè fi Swídìnì kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé Yunifásítì Åbo Akademi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1918. Wọ́n ní rédíò tiwọn, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn. Ní erékùṣù Åland, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30,000, Swídìnì nìkan ni èdè ìjọba.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ìlú oko kan tó ń jẹ́ Närpes. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin tòmátò sínú ilé onígíláàsì tí wọ́n fi iná mú gbóná nígbà òtútù. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ará Vietnam tó sá ogun dé síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ará Bosnia, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ tòmátò. Àwọn àlejò yìí kò kọ́ èdè Fínláǹdì, tó jẹ́ èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè náà. Swídìnì ni wọ́n kọ́, àní ẹ̀ka-èdè Närpes gan-an, tí ará Stockholm kì í tètè gbọ́. Kò sẹ́ni tó fi pàṣán lé wọn. Ọ̀gá oko ń fi í pàṣẹ, alájọṣe ń fi í ṣe àwàdà, olùkọ́ ọmọ wọn ń fi í kọ́ wọn, oníṣọ́ọ̀bù ń fi í tajà fún wọn. Èdè kékeré náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ni àlejò bá kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn pátápátá. Swídìnì ti jẹ́ èdè ọba rí, odidi orílẹ̀-èdè kan sì wà lódì kejì omi tó ń sọ ọ́, tó ń tẹ ìwé rẹ̀. Gbagyi kò jọba lórí ẹnikẹ́ni, kò sì ní ẹ̀yìn tí yóò fi tì. Èyí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára. Ẹ rìn láti afárá odò dé Kujama, ẹ ka gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ni, Haúsá ni. Àwọn tó ni ilẹ̀ kò ní pátákó kan ní èdè wọn. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí wà nílẹ̀ wa. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kẹrin yọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Kujama kí wọ́n tó sọ pé kò ṣe é ṣe.

Ohun mìíràn wà tó ń jẹ abúlé wọ̀nyí run tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé nìkan. Ẹ ò tíì gbàgbé Kuriga, ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun yìí kan náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta 2024, àwọn agbébọn ya wọ ilé-ìwé ibẹ̀ láàárọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sínú igbó. Ọjọ́ 24 oṣù náà ni 137 nínú wọn tó rí òmìnira. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbin iṣu sí oko tó jìnnà sílé? Àwọn ìdílé ń kó wọ ìgboro, wọ́n ń yá yàrá kan ní àdúgbò wa, wọ́n ń gbé láàárín Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Bajju. Èdè abúlé jẹ́ èdè oko, èdè odò, èdè àgbàlá. Bí wọ́n bá gbà á kúrò lóko, yàrá kan ṣoṣo ló kù fún un láti máa gbé.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ dáadáa. Ọmọ tí ẹ bí sí Kàdúná, tó ń gbọ́ yín bí ẹ bá fọ Yorùbá, tó ń fi Haúsá dá yín lóhùn. Ẹ ń kó o lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìsinmi kó lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Tiwa sàn díẹ̀, nítorí ilé wà tí a lè kó o lọ. Gbagyi ti wà nílé. Orí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń gbàgbé.

Oníṣu kan wà ní ọjà Sabon Tasha tí mo máa ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Haúsá la fi ń ná ọjà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé iṣu kan dání, mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní "doya." Mo ní rárá, ìyá, kì í ṣe ti Haúsá, tiyín gan-an ni mo ń bèèrè. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó rí i pé mo dúró, ó sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó mi orí, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó tún un sọ jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ júwe ibi tí ohùn ti ń lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè é kó tó pàtẹ́wọ́.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, jókòó lórí àpò tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ń wò wá láti ìgbà náà. Bí mo ṣe ń san owó, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fa aṣọ ìyá àgbà, ó sì fi Haúsá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un pè.